Bí ẹ ṣe lè ya ìlú tó ń mí sínú gbalasa òfuurufú

Ẹni tó bá fẹ́ ya ìlú tí ènìyàn yóò máa gbé lókè lọ́hùn-ún, ògiri ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà. Á ya fèrèsé gíláàsì, á ya ibi tí ọkọ̀ òfuurufú á bà sí. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó parí ni yóò wá gbin igi méjì-mẹ́ta sí kọ̀rọ̀ bí òdòdó inú pálọ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ yí i padà. Ilẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibi ilẹ̀ ni wàhálà ti bá àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ wá ìwé àjákọ, bírò dúdú kan, pupa kan, àti ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa.

1. Ìgò ṣáájú ìwé

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìlú kékeré kan sínú ìgò náà. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ fọ́n èédú tí ẹ ti rún lé e, kí ẹ wá bu iyẹ̀pẹ̀ lé e tó ìka mẹ́ta. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ tàbí ìdí kànga, ẹ rọra hú ewéko kékeré kan tó fẹ́ràn ọ̀rinrin tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ gbìn ín, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ dé e pa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni kí ẹ gbé e sí, ṣùgbọ́n kí oòrùn má ràn sí i lójúkojú. Oòrùn ọ̀sán á bọ̀ ọ́ bí ẹ̀fọ́.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ wò ó. Inú gíláàsì á ti ṣú bí ìkùukùu. Ẹ tẹjú mọ́ ọn: ẹ̀kán omi kékeré kan á so mọ́ òmíràn, á wúwo, á wá yọ̀ wálẹ̀ lára gíláàsì, á sì fi ojú ọ̀nà tó mọ́ kedere sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi kan iyẹ̀pẹ̀. Òjò ìlú yín nìyẹn. Bí gíláàsì ò bá ṣú rárá, omi ti kéré. Bó bá ṣú títí di ìrọ̀lẹ́, omi ti pọ̀. Ẹ ṣí i fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tún dé e.

Ìgò àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ilẹ̀dú ẹ̀yìn ilé adìyẹ ni mo kó kún un, torí mo rò pé bí ilẹ̀ bá ṣe lọ́ràá tó ni ewéko á ṣe yọ̀ tó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo rẹ̀ fi bu, tí nǹkan funfun bí òwú bò ó, tí ewé náà sì jẹrà. Ó dùn mí gan-an. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mí. Àìmọye ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ohun tó bá jẹrà, wọ́n sì ń lo ọ́síjìn bíi tiwa.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Biosphere 2, ilé gíláàsì ńlá tí wọ́n kọ́ láti fi dán irú ìlú bẹ́ẹ̀ wò lórí ilẹ̀, tó wà ní Oracle, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 26 oṣù September, ọdún 1991, ènìyàn mẹ́jọ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì tìlẹ̀kùn mọ́rí fún ọdún méjì. Igbó wà níbẹ̀, òkun kékeré wà, oko wà, títí kan àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń fún wàrà wọn. Ọ́síjìn, tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́rìndínlógún, ó ti já sí nǹkan bí ìdá 14. Ó rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n ní láti fa ọ́síjìn wọlé láti ìta. Ilẹ̀ olọ́ràá tí wọ́n kó síbẹ̀ ló ń lò ó. Kọnkéré tuntun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà sì ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ilẹ̀ ń mí síta mọ́ra, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ewéko tí ì bá sọ ọ́ di ọ́síjìn padà.

2. Ìwé àjọ afẹ́fẹ́

Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé kan bíi ti alájọ: apá kan fún àwọn tó ń dá, apá kejì fún àwọn tó ń kó. Ewéko ló ń dá ọ́síjìn. Ènìyàn, ẹran àti ilẹ̀ ló ń kó o. Ènìyàn kan máa ń lo nǹkan bíi gíráàmù 840 lójúmọ́. Bí ìlú yín bá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn, tọ́ọ̀nù 8.4 nìyẹn lójoojúmọ́, kí ẹ tó ka ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ bi ara yín pẹ̀lú: kí ni ògiri ń fà mọ́ra?

3. Kí ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀

Ọmọ tó bá ti fi korobá omi yípo lórí rí mọ̀ pé omi ò ní dà bí ọwọ́ bá yá. Ní òfuurufú, ènìyàn á kàn máa léfòó ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú tó ń yí ṣe máa ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1975, àwọn olùwádìí tó péjọ lábẹ́ NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ya ìlú kan tó rí bíi tíúbù táyà, tí yóò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn. Láti àárín rẹ̀ dé ibi tí ènìyàn ń rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 900, ó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí tiyín bá jẹ́ mítà 224, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan ni kó yí kí ènìyàn lè wúwo bíi ti ayé. Bó bá jẹ́ mítà 56, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, òòyì á sì kọ́ ènìyàn.

4. Ta ló ń ṣiṣẹ́ kí ni?

Ẹ má tíì ya labalábá. Ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ máa gbìn, kí ẹ kọ ẹni tó máa bá a gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kó lè so síwájú rẹ̀. Àgbàdo nílò atẹ́gùn. Ẹ̀gúsí àti elégédé nílò oyin. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí à ń fi igi àti èbù gbìn ò dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ kọ wọ́n. Ní Biosphere 2, àwọn kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kú, èèrà àti aáyán sì gba ilé. Àwọn igi pàápàá rọ, torí kò sí atẹ́gùn tó ń mì wọ́n kí ara wọn lè le. Ẹ ya fáànù sí i.

Ààtàn náà ńkọ́? Ìlú yìí ò ní ẹ̀yìnkùlé. Àárín oko ni kí ẹ ya ààtàn sí, pẹ̀lú ekòló rẹ̀. Omi ìtọ̀ àti òógùn gbọ́dọ̀ padà di omi mímu; ibùdó òfuurufú àgbáyé (ISS) tó wà lókè báyìí ti ń gba nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀ padà láti ọdún 2023.

5. Ẹ pa ẹnì kan nínú wọn

Ẹ fi bírò pupa fagi lé oyin, kí ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ lọ síbi gbogbo tí àìsí rẹ̀ máa kàn. Ibi tí ìlà pupa bá ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, ẹ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ekòló, fún fáànù, fún ewúrẹ́.

Ẹ lè wá ya ògiri. Bí ìtànṣán òfuurufú kò bá ní pa ará ìlú lára, ìbòrí iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá tó nípọn tó mítà méjì ni kí ẹ fi yí i ká. Kí ẹ sì ya àyè ẹ̀dọ̀fóró sí i: bí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ inú ilé á wú, gíláàsì á sì fọ́. Gbọ̀ngàn méjì ni wọ́n kọ́ fún èyí ní Biosphere 2, pẹ̀lú rọ́bà fífẹ̀ tó ń ga lọ́sàn-án, tó sì ń wálẹ̀ lóru.