Bí mo ṣe dá ewé eéran ìyá mi mọ̀ lẹ́yìn tí owó mi ti wọgbó

₦42,000 ni mo ná sórí ewé tí kì í ṣe ewé tí mo fẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìnáwó mi: ọmọ ewé, ₦30,000, ọkọ̀ tó kó o dé oko, ₦5,000, alágbàṣe tó bá mi gbìn ín, ₦7,000. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń roko ìdí rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé gbòdògì, ewé tí à ń fi wé obì, ni wọ́n tà fún mi lórúkọ eéran, ewé mọ́ínmọ́ín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni òbí fi oko ewé sílẹ̀ fún tí kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mọ́ínmọ́ín ni ìyá mi fi tọ́ wa. Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ló ti ń tà á, kò sì fi agolo tàbí náílọ̀n sè é rí láyé rẹ̀. Kì í sì í ra ewé. Oko bàbá rẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń wá, lápá Ìdí-Ayùnrẹ́, ilẹ̀ kékeré kan lábẹ́ kòkó àti obì, tó tutù débi pé èèyàn á wọ súwẹ́tà níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwa ọmọ la máa ń tẹ̀ lé e lọ. Òun á gé e, àwa á kà á, a ó dì í ní ìdì-ìdì, a ó gbé e rù. Mo mọ ewé náà dáadáa bó bá ti wà nínú ìdì. Bó ṣe dúró lórí ilẹ̀, ibi tó ti ń yọ, ibi tó ń so sí, mi ò fara balẹ̀ wò ó rí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí ogún ọdún ni mo fi wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí màmá kú, ilẹ̀ náà kún. Mo wá ẹnì kan tó ní òun mọ iṣẹ́ oko, mo sanwó fún un pé kó bá mi ro ó. Ẹnu mi ni mo fi sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ewé. Ọkùnrin yìí gbé oògùn koríko kọ́ ẹ̀yìn, ó fín in káàkiri. Kò tán síbẹ̀ o. Ó gé igi ayùnrẹ́ tó ń ṣíji bo apá ìlà oòrùn, ó ní ó ń gba oòrùn lọ́wọ́ kòkó. Ìlú tó ń jẹ́ Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹ gé ayùnrẹ́! Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, oòrùn ti jó ewé tó kù, etí wọn ti gbẹ pákáráká bí ìwé tí iná rá. Ìdí márùn-ún péré ló ṣì ní àwọ̀ ewé, lẹ́bàá odò níbi tí oògùn kò dé.

A fẹ́ ṣe ọdún kan ìrántí rẹ̀ nínú oṣù kẹrin. Mo lọ ra ewé ní Bódìjà. Nígbà tí ìyá eléwé dá mi lóhùn iye tí ìdì kan jẹ́, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mà á tún oko yẹn ṣe.

Ẹnì kan júwe ọkùnrin tó ń ta èhù igi lẹ́bàá títì fún mi. Mo ní eéran ni mo ń wá, èyí tí wọ́n ń fi wé mọ́ínmọ́ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, eéran gidi lẹ bá níbí.” Ọgọ́ta ọmọ ni mo rà. Bí a ṣe gbìn wọ́n kò ní ìtàn nínú: òjò oṣù karùn-ún ti rọ̀, a gbẹ́ ihò, a gbìn wọ́n, a fi ewé gbígbẹ bo ìdí wọn. Wọ́n mú. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí.

Nínú oṣù kẹjọ ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú. Mo dúró láàárín ìdí tí mo rà àti ìdí márùn-ún tí màmá fi sílẹ̀, mo ń wo ìhín, mo ń wo ọ̀hún. Méjèèjì fẹ̀, méjèèjì tutù, ewé kan lórí ọ̀pá kan. Síbẹ̀ wọn ò jọra lójú mi, mi ò sì lè sọ ohun tó yàtọ̀. Mo gé méjì-méjì, mo gbé e lọ sí Bódìjà. Ìyá eléwé àkọ́kọ́ ní eéran ni méjèèjì. Ìkejì ní ewé ni, gbogbo ewé ló ń wé nǹkan. Ìkẹta mú ọ̀kan lára èyí tí mo rà, ó ní, “Èyí jọ gbòdògì,” ó tún wò ó, ó ní òun ò lè búra. Mo gbé fóònù, mo fi ètò tó ń dá ewé mọ̀ ya ewé náà, ó ní ìdò ni, èyí tí wọ́n ń gbìn fún òdòdó. Ìdò! Ewé tí mo fi orí rù láti kékeré.

Mo wá rántí ìyá àgbà kan ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, tí òun àti màmá jọ máa ń gé ewé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo kó ewé síwájú rẹ̀. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Ọmọ Ìyá Onímọ́ínmọ́ín, ewé lo kó wá fún mi. Ta ló ń fi ewé nìkan mọ̀ ọ́n? Padà lọ, kó o dúró kó so. Ibi tó bá so sí lo máa fi mọ̀ ọ́n.”

Mo ní, “Ìgbà wo ló máa ń so, mà?”

Ó ní, “Lẹ́yìn ọyẹ́.”

Oṣù kẹjọ la wà. Ẹ bá mi rò ó wò. Mi ò lè hú èyí tí mo rà, bóyá eéran náà ni. Mi ò lè ra òmíràn kún un, bóyá gbòdògì ni. Mi ò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ oko ríro dúró, torí koríko kò mọ̀ pé mo ń dúró de nǹkan. Oṣù kẹsàn-án, mo sanwó iṣẹ́. Oṣù kọkànlá, mo tún san. Ọkọ̀ láti Challenge dé oko, àlọ àti àbọ̀, mo ń san. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, àwọn tí mo rà ló ń tutù yọ̀yọ̀, ìdí márùn-ún ti màmá sì ń ráre nínú oòrùn. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà nínú oṣù Kejìlá tí mo jókòó sórí kùkùté ayùnrẹ́ yẹn, mi ò ṣiṣẹ́ kankan títí mo fi padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kejì ni mo rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ewé màmá, mo fi igi tú ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀. Ohun pupa kan yọjú. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ilẹ̀ tán, ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ìdọ̀tí. Mo yọ ọ́, mo fi aṣọ nù ún: ó ní igun mẹ́ta, ó pupa fòò, ara rẹ̀ ki pọ́pọ́. Mo fi èékánná là á. Hóró dúdú wà nínú rẹ̀, nǹkan funfun kan tó ń yọ̀ bí omi ara dé e lórí. Mo fi kan ahọ́n. Kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni adùn náà dé, díẹ̀díẹ̀, kò sì lọ mọ́. Mo mu omi inú ìgò mi, omi náà dùn. Títí mo fi dé Oríta Challenge, adùn yẹn wà lọ́fun mi. Èyí tí à ń lá nígbà tí a wà lọ́mọdé gan-an ni, tí màmá máa ń ní ká má gbé hóró rẹ̀ mì.

Nígbà tí mo ṣì wà lóko ni mo lọ sí ìdí àwọn tí mo rà. Mo tú ilẹ̀ títí, kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i: èso wọn wà lára ọ̀pá, láàárín méjì, ó so rọ̀ lábẹ́ ewé. Ohun tí ìyá àgbà ń wí nìyẹn. Eéran, ilẹ̀ ló ń so sí, ní ìdí. Gbòdògì, ara ọ̀pá ló ń so sí lókè. Ọmọ ọdún méje lè fi mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan.

Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. Ó ní ewé kan náà ni, ó ní òjò ibẹ̀ ló yí i padà. Mo ní kó dá owó mi padà, ó pa fóònù. Kì í ṣe pé gbòdògì kò dára. Òun là ń fi wé obì kó má gbẹ, àwọn kan sì ń fi wé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó sì gbowó ohun tí mo fẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa eéran. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Thaumatococcus daniellii. Daniell yẹn, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni, ó sì kọ̀wé nípa adùn èso rẹ̀ ní 1855. Ohun tó ń dùn nínú rẹ̀ kì í ṣe ṣúgà rárá, irú èròjà tó wà nínú ẹran àti ẹ̀wà ni, wọ́n ń pè é ní thaumatin, adùn rẹ̀ sì ju ti ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000 ó kéré tán. Wọ́n ń lò ó nílẹ̀ òkèèrè nínú oúnjẹ àti oògùn. Àwọn kan máa ń rò pé òun ni agbáyun. Kì í ṣe òun. Agbáyun, igi ló ń so ó, òun ló ń sọ ọsàn kíkan di dídùn lẹ́nu. Eéran, adùn ara rẹ̀ ló fi ń dùn.

Ká ní mo mọ̀ ni, Jẹ́ríkò ni mi ò bá kọ́kọ́ lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà níbẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí pẹ̀lú orúkọ wọn, ìlú Ìbàdàn wa níbí ni ó wà. Ẹ má kó ewé nìkan lọ o. Ẹ kó òdòdó, èso àti ìdí rẹ̀ dání. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ọmọ eéran, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú yín dé ìdí ìyá rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kò bá gbà, ẹ máa lọ.

Bí mo ṣe tún oko náà ṣe kò le tó ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí. Òjìji ni mo kọ́kọ́ wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbìn torí pé ó ń yára, mo sì ri igi àgúnmáníyè mọ́ ilẹ̀ láàárín wọn. Igi tí èèyàn kàn gé tó tì bọ ilẹ̀ ló ń hù yìí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo wú méjì nínú ìdí márùn-ún màmá. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rá bí atalẹ̀, ojú sì wà lára rẹ̀. Mo gé e sí wẹ́wẹ́, ojú méjì tàbí mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi àyè bí ìgbésẹ̀ kan sáàárín wọn. Mo gbin hóró ogún pẹ̀lú. Mẹ́ta ló hù, ó sì ju oṣù mẹ́ta lọ kí wọ́n tó yọ. Mi ò ní gbin hóró mọ́.

Ní ti gígé, mo rántí ọwọ́ màmá. Kì í fà á tu. Ọ̀bẹ ló ń lò, nísàlẹ̀ ọ̀pá. Kì í fọwọ́ kan èyí tó ṣì ká bí ẹní, kì í sì í gé ìdí kan tán lọ́jọ́ kan. Mo rò pé àánú ló ń ṣe é nígbà náà. Ewé tó fi sílẹ̀ yẹn ló ń bọ́ gbòǹgbò.

Gbòdògì náà, mi ò hú u dànù. Mo kó o lọ sídìí obì, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Oṣù tó kọjá ni mo gé ewé àkọ́kọ́, mẹ́tàlélógún. Mo ṣẹ́ ọ̀pá wọn sísàlẹ̀ ìkòkò bí màmá ṣe ń ṣe, mo to mọ́ínmọ́ín lé e lórí. Ìdí mẹ́rìnlá ló wà lóko báyìí, kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà níbẹ̀ nígbà ayé màmá. Mo ti ta okùn yí i ká. Mo sì ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lápá ibẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé oògùn tàbí àdá wọ ààlà okùn yẹn, kó kọ́kọ́ pè mí.