Bí Mo Ṣe Sẹ́ẹ̀tì Tápẹ́ẹ̀tì BMW 318i ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní BMW 318i kan tí wọ́n rà nígbà tí náírà ṣì ń jẹ́ náírà. Ìmọ̀wò nílé wọn wà, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ọkọ̀ náà ṣì ń rìn, wọ́n ṣì ń gbé e lọ òde, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń dún tàkà-tàkà bíi taípìráìtà akọ̀wé kóòtù. Mẹkáníìkì tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ́ kalẹ̀, kí àwọn lọ ra ti Toyota ní Ládípò, kí òun fi rọ́pò rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá dá sí owó ẹ́ńjìnì yẹn ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe pé mo láhun o. Ẹ́ńjìnì tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn ni BMW ń pè ní M10. Alex von Falkenhausen ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, inú BMW 1500 ló sì ti kọ́kọ́ jáde ní 1962: sílíńdà mẹ́rin, búlọ́ọ̀kù onírin, tọ́ọ̀pù sílíńdà alumíníọ̀mù, kámúṣáfútù kan ṣoṣo lókè (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín) tí ṣéènì ń yí. Wọ́n mú kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 30. Ti àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ 1,499 cc, agbára ẹṣin 80 ló ní. Ti Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, fẹ̀ ju ìyẹn lọ, 1,766 cc ni, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 105. Ẹ ṣáà fi 1,499 yẹn sọ́kàn.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òfin Formula 1, eré ìje ọkọ̀ àgbáyé, ni pé ẹ́ńjìnì tó bá ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì) kò gbọdọ̀ ju 1,500 cc lọ. Ferrari àti Renault ń lo onísílíńdà mẹ́fà tí wọ́n ṣe fún eré ìje. Paul Rosche, ẹnjiníà BMW, ní tirẹ̀, búlọ́ọ̀kù M10 ló gbé sílẹ̀, onírin, onísílíńdà mẹ́rin, ó dé tọ́ọ̀pù sílíńdà oní-fáàfù mẹ́rìndínlógún lé e lórí, ó so tọ́bò mọ́ ọn, ó sì jẹ́ 1,499 cc gẹ́lẹ́. Orúkọ tó ń jẹ́ ni M12/13. Awakọ̀ eré ìje Nelson Piquet fi borí ní Kánádà ní 1982. Ní 15 October 1983, lórí ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, ní Kyalami ní South Africa, ó fi gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé, àmì 59 sí 57 tí Alain Prost ní. Kò sí awakọ̀ tó fi ẹ́ńjìnì onítọ́bò gba ife yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1986, bí wọ́n bá fẹ́ du ipò ìbẹ̀rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì yìí máa ń kọjá ẹṣin 1,000.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnì yìí kì í sọ ìtàn rẹ̀ kí wọ́n má dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé búlọ́ọ̀kù síta fún òjò, tí wọ́n tún ń tọ̀ sí i. Ẹ fi ti ìtọ̀ sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó ti rìn jìnnà ni wọ́n ń wá, torí irin tó bá ti gbóná, tó ti tutù fún àìmọye ìgbà, ara rẹ̀ ti balẹ̀, kì í ká kò mọ́.

Mo rò gbogbo rẹ̀ fún mẹkáníìkì. Ó wò mí títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bàbá fẹ́ lọ sáré ìje ni?"

Nọ́ọ̀kì gidi, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì ń le sí i bí a bá tẹná mọ́ ọn. Ti Bàbá yìí, òkè ló ti ń wá, ó fúyẹ́, ó ń lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà láàárín fáàfù àti rọ́kà, irin tó ń tẹ̀ ẹ́. M10 kò ní èyí tí ọ́ìlì ń sẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn.

A kò tan ọkọ̀ náà láti alẹ́, torí ẹ́ńjìnì tútù ni wọ́n ń fi ṣe é. Mo yọ orí bátìrì, mo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí kíráńkì lè fúyẹ́ láti yí, mo fi sípánà 10 tú kọ́fà òkè. Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rún sí mi lọ́wọ́, tuntun sì ti wà nílẹ̀. Orí kámúṣáfútù ṣì ń dán. Páìpù ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè rẹ̀ tó ń wọ́n ọ́ìlì sí i. Mo fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò rẹ̀, mo sì fún bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ le. Bí bóòtù yẹn bá dẹ̀, kámúṣáfútù á gbẹ, á sì jẹ ara rẹ̀.

Ní ẹnu rọ́kà kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti ń tẹ fáàfù, irin roboto kékeré kan wà. Ihò tí bóòtù rẹ̀ gbà kọjá kò sí ní àárín gbùngbùn, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá ṣe ń yí i ni àlàfo á máa fẹ̀ tàbí kó máa fún. Ihò tín-ín-rín mìíràn wà lára rẹ̀ tí a ó ki wáyà bọ̀ láti fi yí i. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo gé, mo tẹ orí rẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ tó dára jù ú lọ.

Bí iná ṣe ń tò láti sílíńdà kan sí èkejì ni 1-3-4-2. Mo fi sípánà yí kíráńkì láti iwájú, bí aago ṣe ń yí. Nígbà tí fáàfù méjèèjì sílíńdà 4 ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, tí ọ̀kan ń tì bí èkejì ṣe ń ṣí, mo sẹ́ẹ̀tì ti 1. Mo yí i ní ìlàjì: 2 ń gba ipò, mo sẹ́ẹ̀tì 3. Ìlàjì mìíràn, 1 ń gba ipò, mo sẹ́ẹ̀tì 4. Ìlàjì tó kù, 3 ń gba ipò, mo sẹ́ẹ̀tì 2. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, 0.20 mm. Géèjì, abẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, gbọ́dọ̀ fà lọ́wọ́ díẹ̀, kó má há. Lẹ́yìn tí a bá ti fún nọ́ọ̀tì le, ẹ tún un wọ̀n, torí fífún yẹn gan-an máa ń yẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fẹ̀ jù, àwọn ló ń pariwo. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni fáàfù èéfín ti sílíńdà 3: abẹ géèjì tó fẹ́lẹ́ jù lọ kò wọ̀ ọ́. Fáàfù tó há báyìí kì í dún rárá, ṣùgbọ́n kì í tì dáadáa, ooru rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde sára ìjókòó rẹ̀, yóò sì jó. Mo tú u sí ìwọ̀n. Mẹkáníìkì gbé géèjì tirẹ̀ wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́, ó wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò tíì jó.

A dá gbogbo nǹkan padà, a tan án. Tàkà-tàkà yẹn lọ. Èyí tó kù kò ju dídún fúyẹ́ tí M10 máa ń dún lọ. Bàbá jáde pẹ̀lú fìlà wọn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èló ni mo jẹ?" Mo ní gásíkẹ́ẹ̀tì kan àti sípóòkù kan. Wọ́n ní kí n má fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Mẹkáníìkì ti gba sípóòkù náà lọ, ó ní oníbàárà òun kan ní 518 ní Ṣágámù. M10 náà nìyẹn. Ó ku ṣéènì táímìnì ti Bàbá, tó ti ń dẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn Òjúde Ọba la máa tó fọwọ́ kàn án, torí wọ́n ti ní ọkọ̀ yẹn làwọn máa gbé lọ bá ẹgbẹ́ àwọn.