Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lórí ìbuwọ́lù ímeèlì

₦412,000 ni gbájúẹ̀ kan fi orúkọ mi gbà lọ́wọ́ Alhaja tí mo ń bá tẹ̀wé. Ṣómólú ni ilé ìtẹ̀wé mi wà. Alhaja ló ni ilé-ìwé aláàdáni kan, ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹnì kan ṣí àdírẹ́sì ímeèlì tó jọ tèmi, lẹ́tà kan péré ló fi yàtọ̀, ó wá kọ̀wé sí akọ̀wé wọn pé mo ti pààrọ̀ bánkì. Wọ́n sanwó. Nígbà tí mo pè láti béèrè owó iṣẹ́, Alhaja ní, "Owó wo? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ká san án sí akáǹtì tuntun ni?" Owó ti lọ. A pín òfò náà sí méjì, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tó mú mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ bu ọwọ́ lu ímeèlì nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà o. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni, fáìlì inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, kì í kúrò lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń buwọ́ lùwé. Èkejì jẹ́ ti gbangba, mo lè fún gbogbo ayé, òun ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pé èmi ni mo kọ ọ́ lóòótọ́, àti pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lọ́nà. Lẹ́tà náà kò di àdììtú, ẹni tó bá rí i á kà á. Ọdún 1991 ni Phil Zimmermann ti gbé PGP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, jáde. Ó bí mi nínú pé láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi létí rí.

Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ímeèlì tí a sì fi ń kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ni mo lò, torí láti ẹ̀dà 78 tó jáde ní 2020 ni OpenPGP, ìlànà ìbuwọ́lù tó jáde láti ara PGP, ti wà nínú rẹ̀. Ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Mo fi ti gbangba ránṣẹ́ sí akọ̀wé, òun náà gbé Thunderbird sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ó wá ku ká rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ mi gan-an ló dé ọwọ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní fingerprint tirẹ̀, bí ìtẹ̀ka èèyàn, tí a fi ń dá a mọ̀: àmì 40, nọ́ńbà àti lẹ́tà láti A dé F. Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ akọ̀wé.

"Kà á fún mi, díẹ̀díẹ̀."

"Mẹ́sàn-án, B bíi Bọ́lá, òdo, D bíi Dàda, mà."

"Ó wà níbí. Máa bọ̀."

Mẹ́rin mẹ́rin, ìgbà mẹ́wàá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Mo wá fi ìwé owó àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Akọ̀wé pè: "Ẹ̀gbọ́n, pupa ló ń mú wá o. Ó ní ìbuwọ́lù yìí kò tọ̀nà." Mo ní kó pa á, kó tún un ṣí. Pupa. Mo fi òmíràn ránṣẹ́. Pupa. Mo pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́, mo ṣe tuntun, a tún ka àmì 40 lórí fóònù látòkè délẹ̀. Alhaja ti ń gbaná jẹ: "Ṣé nǹkan tí a fẹ́ fi lé olè ló ń dààmú onílé báyìí?" Kọ́kọ́rọ́ tuntun náà, pupa.

Ohun tó dà mí lọ́kàn rú jù ni pé nínú àpótí Sent tèmi, níbi tí ẹ̀dà lẹ́tà tí mo ti fi ránṣẹ́ ń wà, lẹ́tà kan náà ń fi àmì àwọ̀ ewé hàn pé ó pé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ló níṣòro. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àpótí ímeèlì mi mìíràn, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ara mi. Pupa! Mo tẹ Ctrl+U, tó ń fi gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà hàn ní gbangba, lórí ẹ̀dà inú Sent àti èyí tó dé, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ èyí tó ti rìnrìn àjò, mo rí ìlà méjì tí n kò kọ: pé ẹni tí a kọ lẹ́tà yìí sí nìkan ló ni ín, pé kí ẹni tó bá ṣèèṣì rí i gbà pa á rẹ́.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń sanwó fún láti máa gbé ímeèlì mi ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo lẹ́tà tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn jáde. Mo ti buwọ́ lùwé tán kí wọ́n tó tún kọ nǹkan sí i. Ìbuwọ́lù náà kò bàjẹ́ rárá, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe: ó rí ọwọ́ àjèjì, ó sì pariwo. Ẹ̀dà inú Sent kò gba ọ̀nà yẹn; Thunderbird fúnra rẹ̀ ló ń fi í pamọ́ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mọ́.

Inú mi ru. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ààbò oníbàárà ni àwọn ń ṣe. Ààbò wo nínú kí wọ́n máa kọ̀wé sínú lẹ́tà tí mo ti buwọ́ lù? Ìgbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lórí tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, akọ̀wé ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àwọ̀ ewé. Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àpótí ara yín ná kí ẹ tó da oníbàárà láàmú. Ẹ má sì pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ nítorí pé ẹ rí pupa. Mo kábàámọ̀ ìyẹn, torí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà méjì kan, mo ń pè wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ti ìkọ̀kọ̀ sórí fláàṣì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó láàbò. Àwọn tó ń fi Gmail ka lẹ́tà lórí fóònù á rí fáìlì kékeré kan, OpenPGP_signature.asc. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ẹni mẹ́ta ló ti fi ìbẹ̀rù pè mí.

Àdéhùn wa pẹ̀lú Alhaja ni pé nọ́ńbà akáǹtì tó bá wá láìsí àwọ̀ ewé, kí wọ́n má san kọ́bọ̀, kí wọ́n pè mí. Ní oṣù tó kọjá, àwọn tó ń gbé ímeèlì mi yí ẹ̀rọ wọn padà, ìlà méjì yẹn sì tún yọjú. Mo tètè rí i, torí gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa ń fi lẹ́tà kan dán an wò. Mo ti ń wá ilé-iṣẹ́ mìíràn.