Kẹ́ ẹ tó dín òṣìṣẹ́ kù, ẹ ṣírò owó ẹ̀ ná

Èmi ni mo máa ń bá àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ṣírò owó oṣù n'Íbàdàn, ìpè tí mo sì ń gbà jù báyìí ni "ẹ bá mi kọ lẹ́tà fún àwọn èèyàn 5 yẹn, ọjà ò tà mọ́, ọ̀la ni mo fẹ́ kí wọ́n máa lọ". Ọ̀gá mi, ẹ fara balẹ̀. Lẹ́tà kọ́ ló kọ́kọ́ kàn.

Ẹ fa fáìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan yọ, kẹ́ ẹ ka lẹ́tà tẹ́ ẹ fi gbà á síṣẹ́, torí pé òfin Nàìjíríà, ìyẹn Labour Act, ò dárúkọ iye kan pàtó tẹ́ ẹ máa fún ẹni tẹ́ ẹ dín kù, ohun tó sọ ní apá 20 ni pé kẹ́ ẹ sa gbogbo ipá yín láti jókòó dúnàádúrà lórí ẹ̀. Bébà tẹ́yin fúnra yín buwọ́ lù, tàbí àdéhùn tẹ́ ẹ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe, ni wọ́n máa tẹ́ síwájú yín ní National Industrial Court, ìyẹn kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo mọ ọ̀gá kan tó lọ da lẹ́tà kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò mọ̀ pé ààbọ̀ owó oṣù fún ọdún kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ tó fẹ́ dín èèyàn kù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á dé ibẹ̀.

Apá 20 yẹn náà ló ní kẹ́ ẹ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ dín wọn kù àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ jáde, àmọ́ ẹ lè wo ẹni tó mọṣẹ́ jù tó sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ má wá fi ìyẹn gbẹ̀san lára ẹni tó máa ń bá yín jiyàn o. Èyí kì í sì í ṣe "lọ rọ́kún nílé ná", iṣẹ́ yẹn gan-an ló tán, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò nílò dẹ́rẹ́bà mọ́, tó wá di oṣù tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ gba dẹ́rẹ́bà tuntun, lọ́yà ẹ̀ máa bi yín. (Mánijà àti akáǹtáǹtì ò sí lábẹ́ Labour Act, àdéhùn tiwọn ni kẹ́ ẹ wò.)

Nótíìsì ńkọ́? Ó kéré tán, ọjọ́ 1 ni fún ẹni tí ò tíì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ọdún 5 sókè. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fẹnu sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Ká ní ẹnì kan ń po fúláwà ní békìrì yín, ₦120,000 lóṣù, ó ti ṣe ọdún 6, ẹ fẹ́ kó lọ ní ìdajì oṣù láì dúró ṣe nótíìsì. ₦60,000 ni ti iṣẹ́ tó ti ṣe, ₦120,000 dípò nótíìsì, lííf ọjọ́ 6 tí ò tíì lò, tá a bá fi ọjọ́ 26 pín oṣù, bíi ₦27,700. Tí lẹ́tà ẹ̀ bá ní ààbọ̀ owó oṣù lọ́dún, ₦360,000 tún nìyẹn. Ó di ₦567,700. Èèyàn 5 bẹ́ẹ̀, ó ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù 3, a ò sì tíì dé orí pẹ́ńṣọ̀n.

Pẹ́ńṣọ̀n yẹn gan-an ló máa ń tú àṣírí. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ yọ 8% lára owó òṣìṣẹ́, kó fi 10% tiẹ̀ lé e, kó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tó bá ti san owó oṣù. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ yọ 8% yẹn fún oṣù 11, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń fi rà. Ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò tíì pé 50 ọdún lè gbà tó 25% lára owó pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ lẹ́yìn oṣù 4 tí ò bá ríṣẹ́ mìíràn, ìgbà tí obìnrin kan tí wọ́n dín kù wá lọ béèrè tiẹ̀ ló rí i pé oṣù 11 ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá san gbogbo ẹ̀, ó tún san owó ìtanràn lé e.

Ti owó orí ò le: ẹ ṣì máa yọ PAYE, ìyẹn owó orí tẹ́ ẹ máa ń yọ lóṣooṣù, lára owó oṣù ìkẹyìn, àmọ́ láti 2026, owó tẹ́ ẹ fún un nítorí iṣẹ́ tó bọ́, tí ò bá ti ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, ẹ má yọ owó orí kankan níbẹ̀.

Kí nótíìsì tó parí, owó oṣù ti gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ tẹ ìṣirò yẹn sórí bébà kan, kó kà á, kó buwọ́ lù ú, ẹ fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ má sì ní kó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pé òun fúnra òun lòun fiṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó fún un, kọ́ọ̀tù mọ irú lẹ́tà yẹn dáadáa.