Ẹ má ka ìgbì òòfà tí a ti rí mọ́ èyí tí a ṣì ń wá

Kò sí àṣìṣe tó ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ ìgbì òòfà (gravitational wave), ìgbì tó ń na àlàfo tó sì ń fún un bó ṣe ń kọjá, tó kí èèyàn sọ pé LIGO, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgbì yìí ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé àgbáálá ayé wú lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Rárá o. Ohun tí LIGO rí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni ìgbì tó wá láti ara ihò dúdú méjì (black hole, ohun tí òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀) tó kọlu ara wọn, tí wọ́n sì di ọ̀kan, níbi tó jìnnà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 ọdún ìmọ́lẹ̀. Apá ẹ̀rọ náà gùn ní kìlómítà 4, síbẹ̀ ìyípadà tí ìgbì yẹn mú bá gígùn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú proton kan ṣoṣo, horo kíkékeré tó wà láàárín átọ́ọ̀mù.

Ìgbì òòfà tí ìwú òjijì ìbẹ̀rẹ̀ ayé lè ti fi sílẹ̀, èyí tí à ń wá, yàtọ̀ pátápátá. Láti orí ìgbì kan dé orí èkejì, ó lè gùn tó bílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀, apá kìlómítà 4 kò lè mú un. Inú ìmọ́lẹ̀ tó dàgbà jù lọ lójú ọ̀run ni à ń wá ipa rẹ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ tó tú sílẹ̀ nígbà tí àgbáálá ayé pé nǹkan bí ọdún 380,000. Bí ìgbì náà bá kọjá níbẹ̀ lóòótọ́, yóò mú kí gbígbọ̀n ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́ bí ìkarahun ìgbín.

Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tó ń lo awò BICEP2 ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé kéde pé àwọn ti rí lílọ́ yẹn. Ìròyìn náà gba ayé kan. Lílọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ohun tó fà á ni wọ́n ṣì mú. Eruku ni, eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ Milky Way, gálásì (àgbájọ ìràwọ̀) tiwa yìí: horo rẹ̀ a máa tò síbi tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì bá darí rẹ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ jáde á sì máa gbọ̀n sí ọ̀nà kan. BICEP2 fi gígahẹ́ẹ̀tì 150 nìkan wo ọ̀run (gígahẹ́ẹ̀tì ni òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n tó), ẹyọ kan kò sì lè ya eruku sọ́tọ̀. Bí gígahẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń ròkè ni eruku ń tàn sí i. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí sátẹ́láìtì Planck rí ní gígahẹ́ẹ̀tì 353 kún un ní ọdún 2015, ẹ̀rí náà tú ká. Ẹ tètè máa béèrè: gígahẹ́ẹ̀tì mélòó ni wọ́n fi wò ó?

Ẹ má sì tìtorí ìyẹn da èrò ìwú òjijì tí Alan Guth, onímọ̀ físíìsì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1980 nù. Ìwọ̀n ọdún 2021 láti ọ̀dọ̀ BICEP àti Keck, àwọn awò tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé kan náà, kàn fi hàn pé ìgbì náà, bó bá wà, kò lágbára tó bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ ní 2014. Àwọn àlàyé kan nípa ìwú náà ṣubú, àwọn mìíràn ṣì dúró.

Ẹ má pe ìwú náà ní bọ́ǹbù. Bọ́ǹbù ní ojú ibi tó ti bú. Àlàfo fúnra rẹ̀ ló nà níhìn-ín, kò ní àárín. Ohunkóhun kò sáré kọjá ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, NANOGrav, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń fi ìràwọ̀ tó ń yí bí aago wá ìgbì òòfà, kéde ẹ̀rí ìgbì òòfà tó ń rọ́ káàkiri ojú ọ̀run. Inú àwọn kan ti dùn pé ìbẹ̀rẹ̀ ayé ti sọ̀rọ̀. Àwọn ihò dúdú ràbàtà tó ń yí ara wọn po ní méjì-méjì láàárín gálásì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.