Òògùn wárápá "ò ṣiṣẹ́ mọ́"? Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè àti ìdáhùn yìí

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àbúrò mi ọkùnrin sì ní wárápá, torí ẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ní bi mí ní ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè yìí, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àdúgbò Takie, tàbí lórí fóònù láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn.

Ó ti pẹ́ tó ti gbé e gbẹ̀yìn, ṣé kó dá òògùn dúró?

Rárá o. Òògùn yẹn ni kò jẹ́ kó máa gbé e. Tó bá dá a dúró lójijì, ó lè wá máa gbé e léraléra láìsinmi, ìyẹn sì ń pa èèyàn. Tó bá ti tó ọdún 2 tí kò gbé e rárá, dókítà lè rò ó wò bóyá kó máa dín òògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Dókítà ni mo wí, kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀.

Ó gbàgbé láti lò ó láàárọ̀.

Tó bá ti rántí kó lò ó. Tó bá ti fẹ́ẹ̀ tó àsìkò èyí tó kàn, kó fo ti àárọ̀. Kó má lo méjì pọ̀. Ẹ ṣe alaamu sórí fóònù ẹ̀.

Ó ń lo òògùn, ó ṣì ń gbé e. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ayé?

Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ṣé ó ń sùn? Àìsùn máa ń fa wárápá, kódà fún ẹni tó ń lo òògùn dáadáa. Ẹ ń mú un lọ ìṣọ́ òru ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra wọn, tó bá wá gbé e láàárọ̀ ẹ ní àjẹ́ ni. Àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń fi gbogbo òru kàwé nígbà ìdánwò, ohun kan náà ni. Ọtí ńkọ́, àti àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ? Ẹ fi sílẹ̀. Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì yẹn náà lè fà á. Tó bá di àsìkò ààwẹ̀, ẹ bi dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, Àlùkùráánì fúnra ẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn.

Kẹ́míìsì fún un ní òògùn ikọ́ àti ti ibà, ṣé kò séwu?

Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ó ń lo òògùn wárápá? Ẹ ò sọ. Erythromycin, òògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, máa ń jẹ́ kí òògùn wárápá tó ń jẹ́ carbamazepine (Tegretol) pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa bì, á máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Carbamazepine àti phenytoin, òògùn wárápá míì, náà lè sọ òògùn ibà tó ní lumefantrine di aláìlágbára, kí ibà náà má lọ. Wọ́n tún máa ń ba iṣẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́, phenobarbital náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú orúkọ òògùn ẹ̀ dání níbikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Òògùn ti wọ́n, ṣé ká máa lo ìdajì kó lè pẹ́?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ bí owó ṣe rí, mi ò fojú kéré ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Àtọdún 1912 ni wọ́n ti ń fi phenobarbital tọ́jú wárápá, owó ẹ̀ ò sì tó ti àwọn tuntun bíi Keppra. Kò bá gbogbo èèyàn mu, oorun sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ òògùn tẹ́ ẹ lè rà lóṣooṣù sàn ju èyí tó máa ń tán láàárín oṣù.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ la ti ṣe. Ó ń sùn, kò mutí, kò fo òògùn, ó ṣì ń gbé e.

Èyí ni mo fẹ́ jókòó tì, torí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Carbamazepine ni àbúrò mi ń lò, ó ti ju ọdún kan lọ tí kò gbé e, a ti ń dúpẹ́, àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ tó tún dé. Ìṣojú mi ló ti ń gbé òògùn mì, mo máa ń ní kó lanu kí n rí i. Mo wo nọ́mbà NAFDAC, ó pé, mo wo ọjọ́ tó máa ẹ̀spáyà, kò tíì tó. Dókítà fi kún òògùn ẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Ibi tí àwọn àgbà ilé ti ń sọ pé ká gbé e lọ sí orí òkè nìyẹn, ìyá mi ò sì lè sùn mọ́.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ṣẹ́ hóró kan sí méjì bí mo ṣe máa ń ṣe, kò ṣẹ́. Òògùn tó jẹ́ pé ìka lásán la fi ń ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀! Mo ju ọ̀kan sínú ife omi, mo mú ọ̀kan látinú káàdì tuntun tí mo rà níbòmíì, mo jù ú sínú ife kejì. Tuntun fọ́ yángá bí mo ṣe ń wò ó, èyí tó wà nílé jókòó sísàlẹ̀ ife bí òkúta. Mo kó méjèèjì lọ bá famasísìtì ní ọsibítù wa, kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní carbamazepine ò fẹ́ ọ̀rinrin rárá, pé tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́ á le, kò ní yọ́ dáadáa nínú ikùn, agbára ẹ̀ sì lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé ibo la ń tọ́jú ẹ̀ sí.

Inú agolo ńlá ni kẹ́míìsì ti ń kà á sínú náílọ́ọ̀nù fún wa, ìyá mi sì so náílọ́ọ̀nù yẹn kọ́ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́nu balùwẹ̀, kó lè máa rí i tó bá fẹ́ fọ ẹnu láàárọ̀. Èrò rere ni o, ibẹ̀ ni kò dáa. Àtìgbà yẹn la ti ń ra èyí tó wà nínú káàdì ẹ̀, a kì í tú u sílẹ̀ títí ó fi máa lò ó, inú yàrá ló wà, nínú agolo tó ní ìdérí. Kì í ṣe fíríìjì o, tí wọ́n bá múná lọ gbogbo inú ẹ̀ á máa làágùn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má kàn pààrọ̀ ẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Dókítà ti fi kún òògùn àbúrò mi nígbà tó jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́ ló ń lò, tó bá lọ fi iye yẹn lo tuntun, á pọ̀ jù fún un. A sọ fún dókítà, ó dá a padà sí iye ti tẹ́lẹ̀, ara ẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ má sì fi omi dán èyí tí wọ́n kọ CR sí lára wò, wọ́n ṣe ìyẹn kó má tètè yọ́ ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́. Famasísìtì ló máa sọ bóyá òògùn bàjẹ́.

Ìyàwó mi ń lo Epilim, a fẹ́ bímọ.

Ẹ lọ rí dókítà kó tó lóyún. Valproate tó wà nínú Epilim lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Tó bá ti lóyún, kó má fúnra ẹ̀ dá òògùn náà dúró, kó lọ rí dókítà lónìí.

Tó bá gbé e, kí la máa ṣe?

Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fẹsẹ̀ ẹ̀ síná, ẹ má da àdí sí i lẹ́nu. Àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n fi ewé tábà sí, máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ti pa ọmọ. Itọ́ ẹnu ẹ̀ ò lè ran yín, ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Ìgbà wo ni ká sáré lọ ọsibítù?

Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5. Tó bá tún gbé e kí ojú ẹ̀ tó là. Tó bá jẹ́ inú omi tàbí ẹ̀gbẹ́ iná ló ti gbé e, tàbí tó bá lóyún. Tí ara ẹ̀ bá sú tàbí tí ẹnu ẹ̀ ń dégbò lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ òògùn tuntun, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ kó òògùn náà dání. Ọsibítù ìkọ́ni méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti LAUTECH àti ti Bowen, ẹ lọ sí èyí tó bá sún mọ́ yín.