Àṣìṣe Tí Ẹ̀ Ń Fi Owó Ṣe Lórí Káàdì Dazzler

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún gbé Dazzler, káàdì tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ gbé àwòrán aláwọ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, wá bá mi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti lù ú ní gbàǹjo, owó tó san tó owó ilé oṣù méjì, ó sì ní òkú ni wọ́n tà fóun. Mo tú páálí rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì méjì ni Dazzler, wáyà pẹlẹbẹ ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni ra ìdajì, ó wá ń bi mí ìdí tí kò fi gbé àwòrán jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Mi ò ní í ṣàlàyé S-100 ju pé ojúhò tí wọ́n ń ti káàdì bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ni o. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó ṣì fọwọ́ mú owó rẹ̀ ná.

Àṣìṣe kìíní: ríra pánẹ́ẹ̀lì kan. Mo ti sọ ìyẹn.

Ìkejì: títan iná sí i lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ yọ gbogbo káàdì, ẹ wọn iná ẹ̀rọ náà lásán kọ́kọ́. Nǹkan bíi fóltì 8 ló ń gba ojú S-100 wá, káàdì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́ di 5 fúnra rẹ̀, kapásítọ̀ tó sì ti sùn láti ogójì ọdún kì í fẹ́ kí wọ́n jí òun lójijì. Tèmi dún bí ìbọn ọdẹ. Ìyàwó mi sá jáde, kò bá mi sọ̀rọ̀ dalẹ́.

Ìkẹta: sísan owó lé owó nítorí olùtà kọ ọ́ pé “Dazzler ti MITS”. MITS ló ṣe kọ̀ǹpútà Altair, Cromemco ló ṣe Dazzler. Harry Garland àti Roger Melen, ọmọ Stanford méjì, ló dá Cromemco sílẹ̀. Ara Crothers Memorial, ilé tí wọ́n ń gbé nínú ọgbà ilé-ìwé, ni wọ́n ti gé orúkọ náà. Lọ́dọ̀ Les Solomon, olótùú Popular Electronics ní New York, ni Melen ti fojú kan Altair, ó sì gba Albuquerque lọ bá àwọn tó ṣe é. Oṣù kejì ọdún 1976 ni Dazzler jáde nínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà. Dọ́là 215 ni fún ẹni tó bá máa fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ fúnra rẹ̀, 350 fún èyí tí wọ́n ti tò. Apple II tẹ́ ẹ máa ń fi bá mi jiyàn pé òun ló kọ́kọ́ mú àwọ̀ wá, 1977 ló dé.

Ìkẹrin nìyí, òun ló gbé mi jókòó kọ̀wé: mẹ́mọ́rì.

Dazzler kò ní mẹ́mọ́rì àwòrán tirẹ̀ rárá. Inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà gan-an ló ti ń bu àwòrán. Ó máa ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, á ka báìtì tó fẹ́, á dá ọ̀nà padà, bẹ́ẹ̀ láìdúró. Báìtì 512 ló ń gbé kóró (ẹyọ àmì tó para pọ̀ di àwòrán) 32 lọ́nà 32. Báìtì 2,048 ló ń gbé 64 lọ́nà 64. Mẹ́mọ́rì tó bá falẹ̀, tàbí dynamic, irú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rán létí ohun tó wà nínú rẹ̀, kò ní í bá a ṣe é. Static, èyí tí kò nílò ìránnilétí, ni kẹ́ ẹ rà. Static! Láti 1975 làwọn tó ra káàdì 4K dynamic tí MITS ń tà pẹ̀lú Altair ti ń ké, ìyẹn gan-an ló sì fún ilé iṣẹ́ Processor Technology lọ́jà fún 4K static tiwọn. Ẹ̀yin wá lọ ń wá dynamic yẹn kiri nítorí pé “tòun ti Altair ni wọ́n jọ jáde”. Àwòrán á máa gbọ̀n, ẹ ó ní Dazzler ló bàjẹ́, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí mi, màá tì í bọ ẹ̀rọ tèmi, á máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó ìwò ni màá gbà, ẹ ó tún máa pè mí lólè.

Èmi náà ò gbọ́n jù yín lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ o. Ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ tàn, kóró pupa, búlúù àti aláwọ̀ ewé dà sójú tẹlifíṣọ̀n bí àgbàdo tó tú. Mo ní ó ti jóná. Mo yọ ṣíìpù méje, mo fi tuntun sí i, kóró ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi pé pàǹtírí tó wà nínú mẹ́mọ́rì nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mò ń wò. Káàdì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. Ohun tó bá níwájú ló ń fi hàn mí.

Mo wá fà ìlà kọjá ojú rẹ̀, ìlà gé láàárín. Ó tún di wàhálà. Mi ò mọ̀ pé tí 64 lọ́nà 64 bá wà lójú iṣẹ́, wọ́n pín ojú náà sí igun mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan sì ní báìtì 512 tirẹ̀. Inú ìwé ìlò rẹ̀ ló wà. Ta ló kà á?

Ìkarùn-ún, àbí ẹ̀kẹfà ni: àwọn tó ń lérí 128 lọ́nà 128. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo àwòrán á gbé.

Super Dazzler tọdún 1979 ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni. Kóró 756 lọ́nà 484, àwọ̀ tí wọ́n ń ṣà láti inú 4,096; irú rẹ̀ làwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi ń ya ojú ọjọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Dynatech fi ra Cromemco ní 1987. Àmọ́ tó bá jẹ́ Kaleidoscope, ètò tó ń ya àwòrán aláwọ̀ tó ń yí padà, lẹ fẹ́ wò, ẹ má rà á. Dazzler àkọ́kọ́ ni Li-Chen Wang kọ ìyẹn fún, báìtì 127 péré, òun ni Stan Veit sì gbé sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Fifth Avenue, New York, tí mọ́tò fi há lójú títì tí ọlọ́pàá fi ní kí wọ́n pa á.

Òun náà ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n nílé. Mo gbé odindi ẹ̀rọ lọ Ìbàdàn, mo ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ iná 220 di 110, mo kó ẹbí jọ sí pálọ̀. NTSC, èdè tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà àtijọ́, ni Dazzler ń sọ, PAL tiwa ni tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́. Àwòrán jáde ní dúdú àti funfun, ó ń yí gbirigbiri lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní, “Àbúrò, èyí tó láwọ̀ dà?” Kí n tó dáhùn, NEPA mú iná lọ.